Máàkì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kílò: ìdáhùn fún ọmọ Ìbàdàn tó fẹ́ wọ ìdíje strongman

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe. Mo ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì kan, mo wọn kílò 104. Ní jíìmù àdúgbò wa, mò ń fa 220 ní deadlift, mò ń ti 140 ní bench press, kò sì sí ẹni tó bá mi dọ́gba níbẹ̀. Mo ti ń wo World's Strongest Man, ìdíje strongman tó lókìkí jù lágbàáyé, lórí fóònù, ó sì wù mí kí n ṣe é dé ibi gíga. Kí ló gbà? Ṣé kí n kọ́kọ́ sanra ni? Àwọn kan ní jíìmù ní láìgba abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú iṣan tóbi, mi ò lè débẹ̀. Ṣé kí n tilẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lè gbájú mọ́ ọn?"

Àbúrò mi, ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ tó tún lọ fa kílò 220 nírọ̀lẹ́ ní ohun tí Ọlọ́run fún un. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó ki orí bọ̀ ọ́. Màá dáhùn gbogbo ohun tí o bi mí, ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀lé bí o ṣe tò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ka máàkì, torí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn lè fi ọdún mẹ́ta kọ́ ohun tí kò ní gbè é lọ́jọ́ ìdíje.

Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wà nínú àṣekágbá, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò kan yóò gba máàkì 10, ìkejì yóò gba 9, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn tó máa gba 1. Ìdánwò márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ká sọ pé Àlàbí ṣe ipò kìíní nínú deadlift, ìyẹn fífa irin láti ilẹ̀ títí a ó fi nàró, ó tún ṣe ipò kìíní nínú gbígbé log, irin tó nípọn bí ìtì igi, sókè orí, àmọ́ ó ṣe ìkẹjọ nínú ọ̀kan, ó sì ṣe ìkẹsàn-án nínú méjì tó kù. Máàkì 27 ni tirẹ̀. Àjàní kò ṣe ipò kìíní níbì kankan, ṣùgbọ́n ìkẹta ló ṣe nínú gbogbo márààrún. Máàkì 40 ni tirẹ̀. Àlàbí ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún jù lọ lọ́jọ́ yẹn, fídíò rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa pín kiri, Àjàní ló sì máa gbé ife lọ sílé.

Wo Cheick Ahmed al-Hassan Sanou, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Iron Biby. Ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bíi tiwa ni, ọmọ Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso. Ní Glasgow, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó gbé log kílò 229 sókè orí, kò sì sí ẹ̀dá kan tó gbé irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Síbẹ̀, agbára apá tó ju ti gbogbo ayé lọ yẹn kò tíì fún un ní oyè World's Strongest Man, torí pé ìdánwò kan ṣoṣo ni log jẹ́ láàrin ọ̀pọ̀. Fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sacramento ní ọdún 2025. Rayno Nel, ará South Africa, wọ ìdíje náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì gba oyè náà. Láti ọdún 1977 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ààbọ̀ máàkì ló fi ju Tom Stoltman, ará Scotland tó ti gba oyè náà lẹ́ẹ̀mẹta, lọ. Ààbọ̀ máàkì, àbúrò mi! Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ nínú ìdánwò kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ìbá ti yí padà.

Nítorí náà, lóṣooṣù, ohun tí mo fẹ́ kí o máa bi ara rẹ ni pé: ibo ni wọ́n ti máa fi mí sẹ́yìn? Láti inú lẹ́tà rẹ nìkan, mo ti rí ibi mẹ́ta: ohun gbígbé sókè orí, rírìn kíákíá pẹ̀lú ẹrù, àti òkúta.

Bench press tí o ń fi yangàn, ìyẹn kí a dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ká máa ti irin sókè, kò sí nínú ìdíje yìí. Ìdúró ni wọ́n fi ń gbé nǹkan sókè orí níbẹ̀. Log jẹ́ irin kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ tó nípọn bí ìtì igi, tí wọ́n ṣe ibi ìdìmú sí inú rẹ̀. Axle jẹ́ ọ̀pá irin tó nípọn débi pé agbára káká ni ìka fi ń pàdé àtàǹpàkò. Dumbbell ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé náà sì wà. Mo ti rí àwọn tó ń ti 140 lórí bẹ́ńṣì tí log 90 dá wọn dúró, torí pé ẹsẹ̀ ló ń gbé log, apá kàn ń parí iṣẹ́ ni. Wàá gbé e láti ilẹ̀ wá sórí itan, wàá yí i gun àyà, wàá tẹ orúnkún díẹ̀, wàá sì fi ẹsẹ̀ ta á kúrò láyà kí apá tó gbà á. Bí o bá rí ẹni tó ń kọ́ni ní weightlifting, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Olympics, san owó fún un kí ó kọ́ ọ ní push press àti jerk, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń lo agbára ẹsẹ̀ láti ti irin sókè orí, fún oṣù díẹ̀. Kò sí owó tí wàá ná ní ọdún yìí tó máa wúlò jùyẹn lọ.

Rírìn pẹ̀lú ẹrù ni ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ti máa gbè ọ́. Nínú farmer's walk, wàá di irin kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì, wàá sì sáré bíi ogún mítà. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀, irin kọ̀ọ̀kan lè tó kílò 130 sí 160. Yoke ni férémù irin tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀yìn ọrùn. Ó máa ń kọjá 400 lọ́dọ̀ àwọn tó wúwo jù. Gbogbo ẹni tó dé orí ìlà ló lè gbé e kúrò nílẹ̀. Aago ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ìṣẹ́jú àáyá kan lè jẹ́ máàkì mẹ́ta. Ẹni tó bá gbé ìṣísẹ̀ gígùn pẹ̀lú yoke, férémù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síwá jù sẹ́yìn, á sì gbé e ṣubú. Ìṣísẹ̀ kúkúrú, kíákíá, kí orí má mì, bí obìnrin tó ru omi kún garawa tí kò fẹ́ kí ó dà. Kí o tó gbéra, mí sínú títí ikùn àti ìhà rẹ á fi kún fún afẹ́fẹ́, kí o sì mú inú le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá ní ẹ̀ṣẹ́ níkùn; lẹ́yìn náà, máa mí kéékèèké bí o ṣe ń rìn. Èémí yìí ló ń ti ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́yìn. Bẹ́líìtì kàn ń fún ikùn ní ohun tó máa tì ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń ru búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n má rò pé o ti mọ̀ ọ́n. Níbi iṣẹ́, ọgbọ́n pé kí ó má baà rẹ̀ ọ́ ni o ń lò, o sì jàre. Níbi ìdíje, ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n sábà máa ń fún ọ, wàá sì ní láti tú gbogbo agbára rẹ jáde nínú rẹ̀, kí o jókòó, kí o tún dìde fún ìdánwò tó kàn. Ohun tó gbé Mariusz Pudzianowski, ará Poland, ga nìyẹn. Ìgbà márùn-ún ló gba World's Strongest Man láàrin 2002 sí 2008, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lágbára jù ú lọ nínú fífa irin láti ilẹ̀. Nígbà tí ìdánwò bá ti di ti eré sísá pẹ̀lú ẹrù, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Òkúta wá ńkọ́? Wọ́n ń pè é ní Atlas stones. Kọnkéré roboto ni, kò ní ọwọ́, kò ní etí, márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń tò, láti orí èyí tó fúyẹ́ dé orí èyí tó wúwo jù, wàá sì máa gbé wọn sórí pèpéle ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi í ṣe ìdánwò ìkẹyìn, ìdí nìyí tí òkúta fi ń já ife gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti dì í mú. Tom Stoltman ni ọba rẹ̀. Ní ọdún 2020 ó gbé òkúta kílò 286 kọjá lórí ọ̀pá. Gígùn apá rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, òótọ́ ni, torí ó ga ju mítà méjì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà gbé e ṣeé kọ́. Ya ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta. Tẹ̀ bá a, gbá a mọ́ra bí ẹni dì mọ́ ọmọ, kí ọwọ́ lọ sí abẹ́ rẹ̀. Fà á wá sórí itan, kí o sì lóṣòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni kí o ti gbé apá gun orí rẹ̀, kí àyà lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wàá wá dìde, tí ìbàdí á ta á síwájú. Láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin, apá kì í fa òkúta. Ìwọ̀ ni apá jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iṣan iwájú apá wọn já nínú eré yìí, ibi tí wọ́n ti fẹ́ fi apá ká òkúta tàbí táyà ńlá sókè ló ti já, iṣẹ́ abẹ ló sì ń gbà kí ó tó padà. Àwọn àgbà wa ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ; ìdí òkúta ni mo ti máa ń rí i kedere.

Nípa ohun èlò, má dúró dé èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Ìwọ tí o ń bá yanrìn àti sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́ ló rọrùn fún jù. Wá àpò ìrẹsì mẹ́ta tó lágbára, ki wọ́n bọ inú ara wọn, kó yanrìn sí i, rán ẹnu rẹ̀ dáadáa. Bẹ̀rẹ̀ láti kílò 70, kí o máa gbé e mọ́ àyà rìn. Àpò yìí ló máa kọ́ ẹ̀yìn rẹ ní òkúta kí o tó rí òkúta. Wẹ́dà kan lè jó páìpù méjì àti ọwọ́ ìdìmú pọ̀ fún farmer's walk láàrin ọjọ́ kan. Kí ó fi àyè sílẹ̀ láti máa fi irin jíìmù kún un. Ẹ lè da òkúta kọnkéré fúnra yín bí ẹ bá rí ohun roboto tí ẹ lè fi ṣe mọ́ọ̀dì. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ da gbogbo rẹ̀, kí ẹ má dà á díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà pín sí méjì. Táyà tírélà tó ti gbó wà lọ́dọ̀ àwọn fọgánáísà. Tí ẹ bá sì fẹ́ fa ọkọ̀, danfó tó wà ní fírì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ti tó, kí awakọ̀ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nítòsí búrẹ́ẹ̀kì. Ẹ má ṣe é lójú títì tí ọkọ̀ ń kọjá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa fún ọ nínú ọ̀sẹ̀, kì í ṣe mẹ́fà, torí pé ara rẹ ti ń ṣiṣẹ́ níbi búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ kan fún ohun gbígbé sókè orí àti ẹ̀yìn, ọjọ́ kan fún deadlift àti squat (kí a gbé irin lé èjìká, ká lóṣòó, ká sì dìde), Sátidé fún àpò, farmer's walk àti òkúta. Má fa èyí tó wúwo jù tí o lè fà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣan ara tètè ń lágbára, àmọ́ okùn tó so iṣan mọ́ egungun kì í yára bẹ́ẹ̀, àlàfo tó wà láàrin méjèèjì yẹn ni ìpalára ti ń wọlé. Ní ojú tèmi, ọdún márùn-ún sí méje ni kí o fi sọ́kàn kí o tó lè bá àwọn tó dáńgájíá lókè òkun dúró. Deadlift rẹ ní láti kọjá 300, log rẹ ní láti tó 140 ó kéré tán.

Ó wá kan sísanra. Rárá o. Kì í ṣe àwọn òmìrán nìkan ni wọ́n ń díje. Ìsọ̀rí àwọn tí kò kọjá kílò 105 wà, ti 90 wà, ti 80 náà wà, ti àwọn obìnrin sì wà pẹ̀lú. Ìwọ tí o wọn 104, ibi tí o wà yẹn gan-an ni ìsọ̀rí rẹ. Dúró síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, kí o máa dín ọ̀rá kù, kí o sì máa fi kún iṣan. Tí o bá wá fẹ́ bá àwọn òmìrán jà lọ́jọ́ iwájú, gíga rẹ kò dí ọ lọ́wọ́. Bóyá ínṣì kan kò sí láàrin ìwọ àti Pudzianowski.

Oúnjẹ rẹ kò nílò ìyẹ̀fun inú ike. Fún kílò ara kan, pròtéènì bíi gíráàmù 1.6 sí 2 lóòjọ́ tó. Ní tìrẹ, nǹkan bíi 165 sí 210 nìyẹn. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù mẹ́fà. Ẹyin mẹ́fà láàárọ̀, ẹ̀wà tó kún àwo tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́sàn-án, ẹja tàbí ẹran pẹ̀lú àmàlà lálẹ́, ẹ̀pà àti wàrà láàrin wọn, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ìrẹsì, iṣu àti gàrí á fún ọ ní okun. Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń kùnà ni pé àwo òkèlè ga bí òkè, ẹran inú ọbẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Dín òkèlè kù díẹ̀, kí o fi owó rẹ̀ ra ẹ̀wà àti ẹyin. Mu omi dáadáa. Sun oorun wákàtí mẹ́jọ. Bí iyàwó tàbí ẹni tí ẹ jọ ń sùn bá ní o ń han-an-run tí èémí rẹ sì ń dáwọ́ dúró lójú oorun, lọ rí dókítà. Ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ọrùn wọn tóbi, ó sì ń ba ọkàn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé àwọn tó wà lókè pátápátá kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ìdíje kan wà tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kò tíì gbé log rí. Kò sí ohun tí abẹ́rẹ́ máa fún ọ ní ọdún yìí tí oúnjẹ, oorun àti ẹ̀kọ́ kò ní fún ọ. Ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ ni mo mọ̀: ó ń mú kí kóró ọkùnrin dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àtọ̀ á sì dínkù débi pé ọmọ bíbí lè di ìṣòro, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ki, ó ń gbé ìfúnpá ga, ó ń mú ọkàn wú. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n ń tà lábẹ́ jíìmù. Láìka ti oògùn pàápàá, ẹrù tó wúwo gan-an kì í fi ara ṣeré. Eddie Hall ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fa kílò 500 ní Leeds ní ọdún 2016. Imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Jón Páll Sigmarsson, ará Iceland tó gba World's Strongest Man lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹnu deadlift ni ó wà nínú jíìmù nígbà tó kú ní ọdún 1993. Ọmọ ọdún 32 péré ni.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, lọ wọn ìfúnpá rẹ, kí o sì rí i dájú pé o mọ jẹ́nótáìpù rẹ. Bí o bá jẹ́ AS, ìyẹn kò ní kí o má ṣe eré yìí, ṣùgbọ́n ó kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó jẹ́ AS tó bá fi agbára ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó nínú oòrùn, láìmu omi, láìsinmi, iṣan rẹ̀ lè bàjẹ́ lójijì, kíndìnrín á sì bá a lọ. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí o ṣe ti Sátidé rẹ, kí o sì máa sinmi pẹ́ láàrin ìgbà kan sí ìkejì. Kí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe é náà mọ jẹ́nótáìpù ara yín. Mo rí i pé a kì í ranti èyí àfi tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé.

Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Owó tó wà nínú eré yìí kéré, àwọn díẹ̀ tó wà lókè ló ń jẹ ẹ́, ìwọ sì ní oúnjẹ púpọ̀ láti rà. Mark Felix, ọmọ Grenada tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ rírẹ́ ilé ló ń ṣe. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kí ó tó dé World's Strongest Man fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2004, ó sì ti lé ní ọdún 55 tó ṣì ń bá àwọn tó lè bí lọ́mọ díje, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n jọ dán agbára ìka wò. Ohun tí o lè bẹ ọ̀gá rẹ fún ni Sátidé, tàbí kí ó fi ọ́ síbi pípò ní ọjọ́ tí o bá máa fa deadlift lálẹ́, kí ó má jẹ́ ríru.

Ẹ kó ara yín jọ ní jíìmù yẹn, ènìyàn mẹ́fà tó, kí ẹ ṣe ìdíje kékeré láàrin ara yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: log, deadlift, farmer's walk, àpò, òkúta. Kí ẹni tí kò díje mú aago lọ́wọ́, kí ó sì ka máàkì bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Fi ipò tí o ṣe nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fídíò èyí tó burú jù. A óò jọ wò ó.